Àkèré Abẹ́ Ìrọ̀rí Ìyá Bàbá Mi

Ilẹ̀ yàrá ìyá bàbá mi ní Agoua, lágbègbè Bantè, dúdú, ó sì ń dán bí ẹ̀yìn ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo ra. Kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Àwọn obìnrin agboolé wa ló fi ọwọ́ ara wọn lù ú, pẹ̀lú amọ̀, òkúta wẹ́wẹ́, àti omi èèpo èso igi irúgbá tí wọ́n rẹ sínú ìkòkò títí tó fi pọ́n tó sì ki. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí mò ń sọ. Àwa tí a wá ń gbé orí sìmẹ́ǹtì lónìí, eruku lásán là ń gbá kiri.

Ní agboolé wa, ọmọkùnrin tó bá lọ ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà gbọ́dọ̀ mú òkúta ibẹ̀ bọ̀ fún ìyá rẹ̀. Kò pọn dandan kó tóbi. Ìyá yóò pe àwọn obìnrin ilé, wọn yóò lu ilẹ̀ tuntun lé orí ti àtijọ́, ìyá yóò sì fi òkúta náà sí ọ̀gangan ibi tó ń gbé orí lé tó bá sùn. Wọ́n ní bí òkúta ọ̀nà jíjìn bá ti wà lábẹ́ orí ìyá, ẹsẹ̀ ọmọ kò ní í gbàgbé ọ̀nà ilé. N kò mọ̀ bóyá àwọn ará Bantè yòókù ń ṣe é. Tiwa ń ṣe é, a kì í sì í bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀.

Ọmọkùnrin méjì ni ìyá àgbà bí. Èyí ẹ̀gbọ́n lọ sí oko kòkó ní Ghana kí n tó gbọ́njú. Ó wálé lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú aṣọ àti rédíò, ṣùgbọ́n kò rántí òkúta. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í, ó ní kó má ṣe ìyọnu, tí òun bá tún ń bọ̀. Kò tún bọ̀ mọ́. Wọ́n ní àìsàn ni, wọ́n ní igi ló wó lù ú, ẹnu kò kò. Ìyá àgbà kò gba ọ̀kankan nínú rẹ̀ gbọ́. Lójú tirẹ̀, òkúta tí ọmọ náà gbàgbé ló pa á.

Bàbá mi ni èkejì. Másọ̀n ni, ó ń kọ́lé káàkiri Bantè àti Savalou. Ní ọdún 1972, nígbà tí iṣẹ́ dá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí ilẹ̀ Niger, sínú aṣálẹ̀ gan-an, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa kùsà. Ó fi èmi àti ìyá mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Mo ti ń di ọmọge, mo ti ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, mo sì ti ní ẹnu tó máa ń kó mi sí wàhálà. Ohun tí mo rántí nípa ọjọ́ tó lọ ni pé ìyá àgbà kò sunkún. Ó kàn dì mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Òkúta o, ọkọ mi." Bàbá mi ti gun ọkọ̀ nígbà náà, n kò sì mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Ọdún díẹ̀ kọjá kó tó wálé. Nígbà tó fi máa dé, ìjọba ti yí orúkọ ìlú padà. Dàhòmì ló fi sílẹ̀ lọ, Bẹ̀nẹ̀ ló bá. Ó ní àwọn ará ẹnubodè bi òun pé ọmọ ibo ni òun, òun ní ọmọ Dàhòmì, wọ́n sì fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa kí wọ́n tó jẹ́ kí òun kọjá. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti dúdú sí i, ó sì ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń ṣọ́ omi lò. Ó kó ẹrù rẹ̀ sí yàrá ìyá rẹ̀. Agolo wàrà kan wà nínú ẹrù náà tó fi rọ́bà dè yípo. Ó gbé e sí ìdí ògiri lápá orí ẹní, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọdé kò ti ní í gbá a. Kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun alùpùpù lọ sí Tchetti láti lọ mú ìyá mi bọ̀, nítorí ìyá mi ti lọ ń tọ́jú ìyá tirẹ̀ tó ń ṣàìsàn níbẹ̀. Òjò wá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà bàjẹ́, ó sì pẹ́ ju bó ṣe rò lọ.

Èmi àti ìyá àgbà la jọ wà ní yàrá nígbà tí ìyá àgbà fúnra rẹ̀ tú agolo náà. Òwú ló kọ́kọ́ fà jáde, lẹ́yìn náà ló da ohun tó kù sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Àwọn òkúta kéékèèké ni, aláwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ti ṣá. Ọ̀kan fẹ̀, ó sì tín-ínrín, ojú rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ bíi ti irin tí àwa aránṣọ ń fi bọ ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún wa. Òmíràn gùn bí igi ìṣáná, orí rẹ̀ kan sì rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn tó kù kò ju èékánná lọ. Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀, ó di ọwọ́ lé wọn, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó rántí," ló ń wí. "Èyí rántí."

Ta ni yóò bi í léèrè ohunkóhun? Ọmọ lọ sí ìrìn àjò, ọmọ bọ̀, ó gbé òkúta sí ibi orí ìyá rẹ̀. Kò sí obìnrin kan ní Agoua tí kò ní ṣe ohun tó ṣe. Ẹ̀rù sì ń bà á pé kọnjé, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ni ọmọ náà wá lò, pé yóò padà. Ó fẹ́ kí òkúta wà nílẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọmọ tó tún kúrò.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin ti pé. A po amọ̀ mọ́ yangí, a tẹ́ ẹ, a kúnlẹ̀ ní ìlà, olúkúlùkù pẹ̀lú pátákó ìlulẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù dá orin, a gbè é, pátákó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlà iwájú bá ti kọjá, ìlà ẹ̀yìn yóò fi ewé wọ́n omi irúgbá sí i, wọn yóò tún lù ú. Iṣẹ́ náà le, ẹ̀yìn máa ń ro ni bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀ ju oko lọ. Nígbà tí a dé apá orí ẹní, ìyá àgbà ní kí gbogbo wa dúró. Ó ti fi omi fọ àwọn òkúta rẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ wọ́n sínú amọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú oníhò náà sókè, èyí olórí roboto lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gba pátákó lọ́wọ́ mi, ó fúnra rẹ̀ lù wọ́n wọlé.

Ìyàwó ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó ní, "Ilẹ̀ wo ló ń so òkúta bí eyín báyìí?" A rẹ́rìn-ín. A kò ronú sí i.

Nígbà tí bàbá mi fi máa ti Tchetti dé pẹ̀lú ìyá mi, ilẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń dán. Àwọn obìnrin fi ariwo ayọ̀ mú un wọ yàrá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń kí wọn kú iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì lọ sí ìdí ògiri.

"Ìyá mi, agolo tó wà níbí ńkọ́?"

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa apá orí ẹní. "Ẹrù rẹ rèé, ọkọ mi. Mo ti gbé e sí ibi tó yẹ ẹ́."

Bàbá mi kúnlẹ̀. Ó fi ìka ra ibẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó jáde, ó lọ jókòó sídìí igi máńgòrò tó wà ní àgbàlá. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, torí a kò mọ ohun tó ṣe é. Ìgbà náà ló tó là á yé wa.

Ó ní kì í ṣe òkúta. Egungun ni, egungun tó ti pẹ́ nílẹ̀ títí ó fi di òkúta. Ó ní àwọn òyìnbó kan wá pàgọ́ sí aṣálẹ̀ nítòsí ibi tí àwọn ti ń kọ́lé, wọ́n ń wa egungun àwọn ẹranko àtijọ́. Wọ́n nílò ẹni tó mọ bí a ti ń po ẹfun funfun tí wọ́n fi ń di apá tó ṣẹ́ ní ọsibítù, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń di àwọn egungun náà kí wọ́n tó gbé wọn. Másọ̀n ni òun, pípo kò le fún òun. Àwọn yòókù ń wá ẹranko ńláńlá, ọ̀nì tó gùn tó ọkọ̀ akẹ́rù. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà láàárín wọn tó máa ń dojú bolẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, tó ń ṣa ohun tí kò tó hóró ìrẹsì. Àkèré ni obìnrin náà ń wá. Àkèré kan tó ti kú tán láyé kí ọmọ èèyàn kankan tó dé ayé.

"Kò sí ẹni tó rí odidi rẹ̀ rí," ni bàbá mi wí. "Ìdajì agbárí rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, àti egungun díẹ̀. Ó fi hàn mí. Ó jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan etí ibi tó ti ṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, lọ́jọ́ ìsinmi, mo ń rìn nínú odò gbígbẹ, afẹ́fẹ́ ti gbá yanrìn kúrò, mo sì rí ìdajì kejì."

Ó ní àwọn òyìnbó náà ń padà bọ̀ nígbà ọyẹ́. Yàrá àwọn òṣìṣẹ́ kún fún olè, ìdí nìyẹn tí òun fi gbé e wálé. Tí òun bá fi lé obìnrin náà lọ́wọ́, àwọn ìdajì méjèèjì yóò pàdé, àkèré náà yóò ní orí. Ó sọ ọ́ báyìí, pẹ̀lú ojú tí n kò rí rí lára rẹ̀, ojú ọmọdé.

Ìyàwó ẹlẹ́nu mímú yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ ẹlòmíì lọ sí Niger, ó gun kẹ̀kẹ́ bọ̀. Tiwa gbé òkú ọ̀pọ̀lọ́ bọ̀."

Agboolé bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ẹ̀rín ẹ̀yìn iṣẹ́ ni, tí kò béèrè ohun tó pọ̀ kó tó dé. Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun wà nílé, kò sì tíì yé e pé ẹ̀dùn lọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé ẹ̀rín tirẹ̀ nìkan ni bàbá mi gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Títí dòní, ó ń dùn mí pé kò sí ẹnì kan tó ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ká gbọ́.

Ní àárọ̀, ìyá àgbà gbé ọkọ́ wá bá a. Ó ti ronú sí i mọ́jú. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ohun tí yóò ṣe ẹ́ lóore ni, gbẹ́ ẹ."

Mo ní láti sọ èyí kó yé ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀. A kì í gbẹ́ ilẹ̀ tí a lù fún obìnrin. A lè lu tuntun lé e lórí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkọ́ bá wọ inú rẹ̀, ibojì ẹni tó ni yàrá là ń gbẹ́. Inú yàrá wọn la ń sin àwọn ìyá wa sí.

Bàbá mi wo ọkọ́, ó wo ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ta ni mo fẹ́ sin?"

Ìyá àgbà gbé ọkọ́ padà sẹ́yìn ilé.

Bàbá mi kò padà sí Niger mọ́. Nígbà tí kọnjé rẹ̀ parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá pè é, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ìyá mi bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún obìnrin yẹn?" Gbogbo wa ló rò pé yóò yí ọkàn padà. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kó wa lọ sí Savalou, ó gba iṣẹ́ níbẹ̀, ó ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ èdè Mahi, ó sì ń da sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ yàrá àwọn ẹlòmíràn láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀rọ̀ wá burú sí i nígbà tó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún àwọn àlejò ní Agoua. Ó ń sọ fún wọn pé òkúta ti ṣiṣẹ́. Pé ọmọ òun kò lọ mọ́. Òótọ́ sì ni.

Láti ìgbà náà, kò wọ yàrá ìyá rẹ̀ mọ́. Kò bá a jà o. Bó bá di ìgbà iṣu tuntun, yóò di iṣu àti kẹrosíìnì tó rà lọ́wọ́ oníṣòwò ará Nàìjíríà kan lẹ́bàá ọ̀nà, yóò gun alùpùpù lọ sí Agoua, yóò dọ̀bálẹ̀ ní àgbàlá, yóò jókòó sídìí máńgòrò. Ìyá àgbà yóò gbé àpótí rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá. Wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ òjò àti ti ẹ̀gẹ́, àlàfo àgbàlá láàárín wọn. Èmi tí mo ti parí iṣẹ́ kíkọ́, tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ àti ọmọ ní Savalou, èmi ni mò ń rìn láàárín wọn pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán síra wọn.

"Sọ fún bàbá rẹ pé ẹrù rẹ̀ wà," ni ìyá àgbà máa ń wí.

Bí mo bá dé Savalou, mo máa ń sọ ọ́. Bàbá mi yóò ní, "Mo gbọ́." Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ gbá orí àwọn méjèèjì pọ̀.

Lẹ́ẹ̀kan péré ló bá mi sọ̀rọ̀ àkèré náà ní Savalou. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un níbi iṣẹ́, ó ti tẹ́ ilẹ̀ yàrá kan tán, ó ṣì tutù. Bóyá inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó mú ṣọ́bìrì kékeré rẹ̀, ó sì fi ṣóńṣó ẹnu ṣọ́bìrì náà ya nǹkan sórí sìmẹ́ǹtì. Ó ya ìdajì orí, ó dúró. Ó ya egungun apá kan, ó dúró. Ó ya ìbàdí níwọ̀nba, ó sì fi ọwọ́ yí àwọn ibi òfìfo ká.

"A ò mọ ibí. A ò mọ ibí. Ibí yìí," ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí tó kù, "èyí ni mo mọ̀."

Ó wò ó díẹ̀, ó sì fi pátákó pa á rẹ́, ilẹ̀ sì tún dán. Onílé sùn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ̀.

Ní Agoua, ìyá àgbà ń tọ́jú àlejò rẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Ọdọọdún, bó bá fẹ́ tún fi omi irúgbá ra ilẹ̀, yóò fi ìka yípo àwọn egungun náà kí omi má baà bò wọ́n. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, ọwọ́ ló fi mọ̀ wọ́n. Bí mo bá lọ, yóò ká ẹní kúrò, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ ka ilẹ̀. "Orí rẹ̀ nìyí. Apá nìyí. Èyí, n kò mọ̀, ó mú lẹ́nu." Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí àwọn àkèré odò bá ń ké títí, ó máa ń ní èyí tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí òun ń gbọ́ wọn, kò kàn lè dáhùn ni.

Mo sọ ìyẹn fún bàbá mi. Ó fi sìgá tó ń mu sílẹ̀. "Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó ní tí mo bá ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun máa bá mi lọ.

A lọ. Òjò ti lù wá láti Bantè, ẹrẹ̀ bò wá dé orúnkún. Ìyá àgbà ti ń ṣàìlera, kò lè gbé àpótí wá sẹ́nu ọ̀nà mọ́, inú yàrá ló wà lórí ẹní. Bàbá mi kọjá ìdí máńgòrò. Ó rìn títí dé ẹnu ọ̀nà, ó di òpó mú. Mo ń gbàdúrà nínú mi.

"Wọlé wá wò ó," ni ìyá àgbà wí. "Wá fọwọ́ kàn án. Ó wà bó o ṣe gbé e wá."

Bàbá mi wo ilẹ̀ dídán náà, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi, Ìyá mi. Tí mo bá tún ń bọ̀."

Mo rí ojú ìyá àgbà. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, láti ẹnu ọmọ mìíràn. Kò sọ pé kí ó fọ ẹsẹ̀. Omi sì wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, igbá wà lórí rẹ̀. Bí mo bá rántí ìkòkò yẹn, inú máa ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ìyá àgbà kú kí bàbá mi tó tún lọ. Ọdún 1990 kò tíì dé, ṣùgbọ́n ó ti ń sún mọ́lé. Ọlọ́kadà kan ló gbé ìròyìn wá sí Savalou ní òwúrọ̀. Nígbà tí a ó fi dé Agoua, ọ̀sán ti pọ́n. Ìyá àgbà ti ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ̀ sì ti yára dé láti bá wa gbẹ́ ilẹ̀. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, wọ́n ń kọrin wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ egungun náà fún wọn. Wọ́n ti fi dígà fọ́ ilẹ̀ láti apá orí ẹní, nítorí ibẹ̀ ló le jù, wọ́n sì ti kó gbogbo rẹ̀ dà sí àgbàlá.

Bàbá mi dúró níwájú òkìtì náà. Ó ní kí wọ́n bá òun mú asẹ́ onírin wá láti ilé tí wọ́n ń kọ́ ní òpópónà kejì. Ó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ ilẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ tí a kò tíì sin, ọmọ ń sẹ́ yẹ̀pẹ̀. Àwọn àgbà ń kùn. Ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ ọn, ó ní, "A kì í jà ká má rẹ́, àyàfi ẹni tó bá kú. Èyí ti kú. Fi sílẹ̀." Bàbá mi ń sẹ́, ó ń ṣa, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ rẹ̀ tó tẹ́ sílẹ̀: gbogbo ohun tí kò kọjá asẹ́, yangí, àpáàdì, òkúta odò, èérún oríṣiríṣi láti inú ilẹ̀ tí àwọn obìnrin ti lù léra látijọ́. Dígà ti fọ́ wọn wẹ́wẹ́. Omi irúgbá tó ti rin wọ inú ilẹ̀ ti pa gbogbo wọn láró, àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ní.

Ó mú ọ̀kan, ó fi ìka ra á, ó gbé e sílẹ̀. Ó mú òmíràn. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tutọ́ sí i, ó nù ún. Ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Mo kúnlẹ̀ tì í.

"Èwo ni?" ó bi mí.

Mo wò wọ́n. Mo ti rí ojú wọn lórí ilẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ ni, níbi tí ọwọ́ ìyá àgbà ti ń fi wọ́n hàn mí. Báyìí, òkúta lásán ni gbogbo wọn.

"Èmi ò mọ̀, Bàbá mi."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́," ni bàbá mi wí. Ó jókòó sórí yẹ̀pẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ìyá mi ì bá mọ̀ ọ́n." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ńlá, bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún un.

A sin ìyá àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí yẹ̀pẹ̀ ibojì rọlẹ̀ tán tó sì tó lílù, àwọn obìnrin ilé kó pátákó wọn dé. Iṣẹ́ obìnrin ni, ọkùnrin kì í bá wọn dá sí i. Bàbá mi bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bu omi nínú ìkòkò, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì wọlé. Ó kúnlẹ̀ sí ìlà àárín wa, ó gba pátákó kan. Nígbà tí a dé apá orí, ó tú aṣọ tó ti di èérún ọjọ́ yẹn sí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àwọn èérún náà láìṣà wọ́n, ó tẹ̀ wọ́n sínú amọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá àkèré wà nínú wọn, bóyá kò sí. Ó ń lù wọ́n wọlé, kò mọ orin wa, kò sì bá wa lù pọ̀ dọ́gba. Ìyàwó ẹlẹ́nu mímú yẹn, tó ti darúgbó báyìí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dẹ ọwọ́ tirẹ̀ kó lè bá a mu, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó rẹ́rìn-ín.